Ransomware: Bí ‘ajínigbé’ inú kọ̀ǹpútà ṣe ń ti fáìlì mọ́ ẹni tó ni ín, àti ohun tó yẹ kí ẹ ṣe kó tó dé

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 12, oṣù Karùn-ún, ọdún 2017 ni. Ní àwọn ilé ìwòsàn kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ dókítà àti nọ́ọ̀sì ọmọ Nàìjíríà ti ń ṣiṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ṣàdédé rí i pé kọ̀ǹpútà kò gbọ́ràn sí àwọn lẹ́nu mọ́. Àwòrán pupa kan ló gba ojú rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbogbo fáìlì inú rẹ̀ ti di títì pa, àti pé ẹni tó bá fẹ́ rí wọn lò padà gbọ́dọ̀ san 300 dọ́là pẹ̀lú bitcoin.

Aago kan ń kà sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Tí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá tí wọn kò sanwó, iye yẹn á di ìlọ́po méjì. Tó bá fi lè pé ọjọ́ méje, kí onífáìlì gbàgbé ẹ̀ nìyẹn.

WannaCry ni orúkọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ti wọ kọ̀ǹpútà tó lé ní 200,000 ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150. Ohun tó dunni jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé àtúnṣe tí ì bá dí ọ̀nà mọ́ ọn ti wà nílẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́, fún ọjọ́ 59 kó tó dé.

Kí ló ń jẹ́ ransomware?

Owó ìtúsílẹ̀ táwọn ajínigbé máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹbí lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé èèyàn wọn lọ ni wọ́n ń pè ní ransom lédè Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ kan náà ni ransomware ń ṣe. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé fáìlì ló máa ń mú, kì í ṣe èèyàn.

Nǹkan míì tún yàtọ̀. Ajínigbé máa ń gbé ẹni tó mú lọ sínú igbó. Ransomware kò nílò ìyẹn. Fáìlì yẹn ṣì wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ẹni tó ni ín ṣì ń rí orúkọ rẹ̀, àmọ́ kò lè ṣí i. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí olè wọ ilé onílé, tí kò kó nǹkan kan jáde, ṣùgbọ́n tó pààrọ̀ gbogbo àgádágodo ilé náà, tó sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ.

Ìwà yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1989, ẹnìkan fi nǹkan bí 20,000 dísíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sáwọn èèyàn nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, ó ní ìmọ̀ nípa àrùn AIDS ló wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà bá ti lò ó fúngbà díẹ̀, á ti fáìlì pa, á sì ní kí onítọ̀hún fi 189 dọ́là ránṣẹ́ sí àpótí ìfìwéránṣẹ́ kan ní orílẹ̀-èdè Panama. Joseph Popp, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Amẹ́ríkà, ni wọ́n fẹ̀sùn rẹ̀ kàn.

Báwo ló ṣe ń wọlé?

Ọ̀nà mẹ́rin ló wọ́pọ̀ jù.

Èkíní ni ímeèlì. Wọ́n á fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ tó jọ pé ọ̀dọ̀ báǹkì, oníbàárà tàbí ọ̀gá ibi iṣẹ́ ló ti wá, wọ́n á sì so ìwé ìsanwó kan mọ́ ọn. Ẹni tó bá ṣí ìwé náà ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún olè.

Èkejì ni password tó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilé iṣẹ́ Colonial Pipeline nílẹ̀ Amẹ́ríkà nìyẹn ní oṣù Karùn-ún, ọdún 2021. Ilé iṣẹ́ yìí ló ń gbé nǹkan bí ìdajì epo tí wọ́n ń lò ní etíkun ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà gba inú páìpù. Password kan ṣoṣo, ti account kan tí wọn kò lò mọ́, làwọn ọ̀daràn fi wọlé. Account náà kò ní ààbò kejì, irú èyí tó máa ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sórí fóònù kéèyàn tó wọlé. Ilé iṣẹ́ náà ti páìpù pa fún ọjọ́ mélòó kan, làwọn èèyàn bá ń tò nílé epo.

Ẹ̀kẹta ni ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti já ìdè rẹ̀ kí wọ́n lè máa lò ó láìsanwó, èyí táwọn èèyàn ń pè ní crack. Ransomware kan tó ń jẹ́ Djvu máa ń fara pamọ́ sínú irú rẹ̀. Ẹni tó rò pé òun rí ọ̀fẹ́ á wá rí i pé gbèsè lòun gbé wọlé.

Ẹ̀kẹrin ni ihò tó bá wà lára ètò kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni WannaCry gbà. Apá kan wà lára Windows tí àwọn kọ̀ǹpútà inú ọ́fíìsì kan náà fi máa ń pín fáìlì láàárín ara wọn. Iléeṣẹ́ aláàbò Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ NSA ti mọ ihò tó wà níbẹ̀, wọ́n sì ti ṣe irinṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ kan fún un tó ń jẹ́ EternalBlue. Irinṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn kan tó pe ara wọn ní Shadow Brokers, wọ́n sì tú u síta ní oṣù Kẹrin, ọdún 2017. Nítorí ihò yìí, WannaCry kò dúró de kí ẹnikẹ́ni tẹ ohunkóhun. Tó bá ti wọ ẹyọ kọ̀ǹpútà kan, á máa wá èyí tó wà nítòsí kiri fúnra rẹ̀.

Kí ló ń ṣe tó bá wọlé tán?

Ransomware á kọ́kọ́ wá ohun tó ṣe pàtàkì sí onílé: ìwé, àwòrán, ìṣirò owó, àkọsílẹ̀ oníbàárà. Á wá sọ ọ̀rọ̀ inú wọn di ẹnà. Gbogbo wa la mọ ẹnà táwọn ọmọdé máa ń sọ kí àgbà má baà gbọ́. Ẹni tó bá fara balẹ̀ á tú ìyẹn. Àmọ́ ìṣirò ni ẹnà ti kọ̀ǹpútà, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè tú u láìsí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bí àwọn tó ṣe é kò bá ṣàṣìṣe.

Kọ́kọ́rọ́ méjì ni wọ́n máa ń lò. Ọ̀kan ń tì, èkejì ń ṣí. Èyí tó ń tì nìkan ló ń bá ransomware wọlé. Èyí tó ń ṣí wà lọ́wọ́ ọ̀daràn.

Lẹ́yìn náà, á wá ẹ̀dà tí Windows fúnra rẹ̀ ti tọ́jú, á sì pa á rẹ́ kí onífáìlì má baà rí ibi yà sí. Tí hard disk tàbí flash bá wà lára kọ̀ǹpútà lásìkò náà, á tì í pọ̀ mọ́ ìyókù. Ìgbà tó bá ṣe gbogbo èyí tán ló tó máa ń fara hàn.

Láti bí ọdún 2019, àwọn ọ̀daràn míì tún ti fi kún un. Wọ́n á kọ́kọ́ kó ẹ̀dà fáìlì lọ kí wọ́n tó tì í. Ẹni tí kò bá sanwó, wọ́n á ní àwọn á tú àṣírí rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohun tójú àwọn aláìsàn rí

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ ìlera NHS ní ẹ̀ka ilé ìwòsàn 236 nígbà náà. Ọ̀kan nínú mẹ́ta wọn ni ọ̀rọ̀ WannaCry kàn. Kì í ṣe gbogbo wọn ló kó o o. Àwọn kan fọwọ́ ara wọn pa kọ̀ǹpútà kó má baà ràn wọ́n. Ọ́fíìsì dókítà àdúgbò tó kó o tó 595.

Dókítà kò rí àkọsílẹ̀ aláìsàn wò mọ́. Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò ṣeé fi ránṣẹ́. Bírò àti bébà ni wọ́n padà sí. Ní agbègbè márùn-ún, aláìsàn pàjáwìrì ní láti rìn jìnnà sí ilé ìwòsàn míì. Ìjọba fojú bù ú pé ó lé ní 19,000 àdéhùn ìtọ́jú tí wọ́n fagi lé, tó fi mọ́ iṣẹ́ abẹ. Gbogbo ìnáwó ọ̀hún tó mílíọ̀nù 92 pọ́ùn.

Kò sí ilé ìwòsàn NHS kankan tó sanwó fáwọn ọ̀daràn náà.

Ọmọ ọdún 22 kan, Marcus Hutchins, tó ń gbé ní Devon, ló bá wọn dá a dúró. Ó rí i pé kí WannaCry tó ṣiṣẹ́, ó máa ń kàn sí àdírẹ́ẹ̀sì íntánẹ́ẹ̀tì kan tí kò sẹ́ni tó ni ín. Hutchins fi nǹkan bí dọ́là mẹ́wàá ra àdírẹ́ẹ̀sì náà. Kò tiẹ̀ mọ̀ nígbà náà pé ìyẹn gan-an ló máa pa á. Bí àdírẹ́ẹ̀sì yẹn ṣe ń dáhùn ni WannaCry ń dákẹ́. Àmọ́ fáìlì tó ti tì kò ṣí.

Ṣé kéèyàn sanwó ni?

Colonial Pipeline san bitcoin 75, èyí tó tó mílíọ̀nù 4.4 dọ́là lọ́jọ́ náà. Wọ́n fún wọn ní irinṣẹ́ ìṣíde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lọ́ra débi pé ẹ̀dà tí ilé iṣẹ́ náà ti tọ́jú fúnra wọn ni wọ́n tún gbára lé. Ìjọba Amẹ́ríkà gba bitcoin 63.7 padà nínú owó náà lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ó ṣọ̀wọ́n kí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Ti WannaCry tún burú ju ìyẹn lọ. Àwọn tó ṣe é kò ṣètò ọ̀nà tó dájú tí wọ́n á fi mọ ẹni tó sanwó yàtọ̀ sí ẹni tí kò san.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe kó tó dé

Ẹ gba àtúnṣe tí àwọn tó ṣe Windows ń fi ránṣẹ́, ìyẹn update. Ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2017 ni Microsoft gbé èyí tó dí ihò WannaCry jáde. Wọ́n kìlọ̀ fáwọn ilé ìwòsàn lóṣù Kẹta, wọ́n tún kìlọ̀ lóṣù Kẹrin. Èyí tó pọ̀ jù nínú kọ̀ǹpútà NHS tó kó o ló ń lo Windows 7 tí kò tíì gba àtúnṣe náà. Lóòótọ́, data wọ́n, update sì máa ń jẹ ẹ́. Àmọ́ owó data ọ̀hún kò tó owó ìtúsílẹ̀.

Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì yín sórí hard disk míì, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán. Èyí tó bá wà lára rẹ̀ tọ̀sán-tòru kì í ṣe ààbò. Ẹ máa dán an wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bóyá ó ṣì ń ṣí. Ayàwòrán, ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn aládàáni, onítẹ̀wé, kò sẹ́ni tí kò kàn.

Ẹ má lo password kan náà níbi gbogbo, kí ẹ sì tan ààbò kejì sórí ímeèlì yín.

Tó bá ti wá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ẹ já íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lára kọ̀ǹpútà náà lójú ẹsẹ̀ kó má baà ran àwọn tó kù. Ẹ ya fọ́tò ohun tó kọ sójú rẹ̀. Ẹ má pa fáìlì tó ti tì rẹ́, torí pé àwọn ọlọ́pàá àti onímọ̀ kọ̀ǹpútà dá ètò kan sílẹ̀ lọ́dún 2016 tó ń jẹ́ No More Ransom, níbi tí wọ́n ti ń fún èèyàn ní kọ́kọ́rọ́ àwọn ransomware kan lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tí kò bá sí lónìí lè wà níbẹ̀ lọ́la. Ní Nàìjíríà, ngCERT àti ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń rí sí ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ló yẹ kí ẹ fi tó létí.

Ọjọ́ 59 ni àwọn ilé ìwòsàn yẹn ní láti dí ihò kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà tó bá ń béèrè fún update láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ọjọ́ tirẹ̀ náà ti ń kà.