Àìsàn Màlúù Yí Ọ̀nà Ìdíje Kẹ̀kẹ́ Padà ní Faransé: Ohun Tó Fà Á Rèé

Ó ṣọ̀wọ́n kí èèyàn rí ará Olódò tí màlúù ò tíì dá dúró rí lójú títì Ìbàdàn sí Ìwó. Ẹ ó fọn fèrè, darandaran á fi ọ̀pá lé wọn, kálukú á sì bá tiẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ Faransé lọ́dún 2025, màlúù tó ń ṣàìsàn ló mú kí ìdíje kẹ̀kẹ́ tó lókìkí jù lágbàáyé yí ọ̀nà padà nígbà tó ku ọ̀la.

Tour de France ni ìdíje ọ̀hún. Kẹ̀kẹ́ ológeere là ń sọ o, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Máruwá. Ìpele 21 ló ní, ìpele 19 ló sì yẹ kó wáyé lọ́jọ́ Ẹtì, 25 oṣù Keje, láti Albertville lọ sí La Plagne lórí àwọn òkè Alps. Kìlómítà 129.9 ni wọ́n là sílẹ̀, òkè 5 ni wọn ì bá gùn. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, àwọn alákòóso kéde pé àwọn ò ní gba òkè Col des Saisies mọ́: àrùn ti wọ agbo màlúù níbẹ̀, wọ́n sì ní láti pa àwọn ẹran náà. Òkè 2 jáde, ìrìn àjò di kìlómítà 93.1.

Àrùn yìí máa ń mú kí kókó sú bo ara màlúù, ibà á mú un, wàrà rẹ̀ á dínkù. Eṣinṣin tó ń mu ẹ̀jẹ̀, ẹ̀fọn àti eégbọn ló ń gbé e kiri. Kì í ran èèyàn. Ilẹ̀ Áfíríkà ló ti wá: Zambia ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i lọ́dún 1929, Nàìjíríà náà sì ti ń bá a yí láti àwọn ọdún 1970. Faransé ò ní in rí títí di oṣù Kẹfà ọdún 2025.

Bí kì í bá ran èèyàn, kí ló wá kan ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́? Òfin wọn ni pé bí màlúù kan péré bá ní in, gbogbo agbo ni wọ́n máa pa, wọn ò sì ní jẹ́ kí ẹran rìn fàlàlà ní àyíká tó tó 50 kìlómítà. Ẹ fojú inú wò ó ná. Àgbẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sin màlúù, ìjọba pa gbogbo rẹ̀, kí èrò wá máa pariwo ayọ̀ lẹ́nu ọ̀nà oko rẹ̀ lọ́jọ́ kejì! Ìbànújẹ́ àwọn àgbẹ̀ yìí wà nínú ìdí tí àwọn alákòóso sọ. Wọ́n tún ní àwọn fẹ́ kí ìdíje lọ ní ìrọwọ́rọsẹ̀. Èyí náà ò ṣòroó túmọ̀: àgbẹ̀ Faransé tínú ń bí kì í pẹ́ gbé katakata dí títì.

Wọn ò wá ọ̀nà tuntun kiri. Wọ́n gé àárín ọ̀nà kúrò ni, wọ́n gba ọ̀nà tó yá lọ sí Beaufort, wọ́n sì padà sójú ọ̀nà àtijọ́ níbẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kó ṣeé ṣe láàárín òru kan. Àwọn tó gbójú lé òkè àkọ́kọ́ láti tètè sá síwájú ló pàdánù. Thymen Arensman, ọmọ Netherlands, ló gbégbá orókè. Tadej Pogačar ṣe ipò kẹta, ṣùgbọ́n òun ló gba ife ẹ̀yẹ lápapọ̀ lọ́jọ́ Àìkú.

Ti ọdún 2019 le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ 26 oṣù Keje, yìnyín àti ilẹ̀ tó ya dí ọ̀nà nígbà tí wọ́n ti wà lórí kẹ̀kẹ́. Wọ́n dá ìdíje dúró, wọ́n ka àkókò tí kálukú fi dé orí òkè Iseran, wọn ò sì fún ẹnikẹ́ni ní ipò kìn-ín-ní. Ibẹ̀ ni Egan Bernal ti gba aṣọ yẹ́lò.

Nílé níbí, òjò ló máa ń yí ètò padà jù. Omíyalé 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 pa èèyàn tó lé ní 100 n'Ìbàdàn, ó sì gbé afárá lọ. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ láti Olódò wọ abúlé Lágelú lásìkò òjò, ẹ mú ibi tí ẹ ti lè ṣẹ́rí padà kí ẹ tó gbéra. Bí omi bá bo afárá, ẹ gé ìrìn náà kúrú. Ẹ má ya ọ̀nà oko tẹ́ ò mọ̀. Ẹ pe ará ilé, kí wọ́n mọ ọ̀nà tí ẹ ń gbà bọ̀.