Ẹ Kọ Ètò Kọ̀ǹpútà Ilé Yín Sílẹ̀

Ẹ̀yin ará wa ní àjò, bí kọ̀ǹpútà ilé bá bàjẹ́, ta ni yóò rántí gbogbo ohun tí a ti tò sínú rẹ̀?

Láti inú iṣẹ́ Nix, tí Eelco Dolstra bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì ní 2003, ni NixOS ti jáde, èyí tí ń darí kọ̀ǹpútà. A ó kọ ohun tí a fẹ́ sínú fáìlì. Ẹ̀rọ yóò sì tò ó bẹ́ẹ̀. Ó dára kí a pín in: fáìlì kan fún gbogbo ilé, òmíràn fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Bí àtúnṣe kò bá dára, a lè padà sí ètò ti tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwòrán ìgbéyàwó àti lẹ́tà àwọn òbí wa kò sí nínú fáìlì wọ̀nyí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe ẹ̀dà wọn sí ibòmíràn.