Apá Irin Tó Gba Ìka Òǹtẹ̀wé Là

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó lè mú bébà fúnra rẹ̀, ọwọ́ ni òṣìṣẹ́ fi ń ki í bọ ẹnu ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọwọ́ bá pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀rọ á tẹ ìka mọ́ bébà. Ní 1914, wọ́n pàtẹ ẹ̀rọ Heidelberg kan ní Leipzig, ní Jámánì, tó ní apá irin méjì tó ń yí bíi fáànù. Nínú irú ẹ̀rọ yìí, afẹ́fẹ́ ló ń ya bébà òkè kúrò lára ìyókù. Bí apá kan ṣe ń gbé èyí tí a ti tẹ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ ni èkejì ń gbé òmíràn wọlé. Ìka yọ nínú ewu, iṣẹ́ sì yá. Ẹ rí i pé “apá” ni mo ní, n ò ní “ọwọ́”: kò ní ìka tí ẹ̀rọ lè fọ́.