ÒJÒ TÍ KỌ̀ǸPÚTÀ Ń ṢÍRÒ ÀTI ỌJÀ TÍ ÀWA Ń TÀ

 

Nígbà tí a ka ìwé NiMet nípa òjò ní ìpàdé wa, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ta ló gòkè ọ̀run lọ wo òjò wá?" Ìwé mẹ́fà péré ni èmi akọ̀wé yín kà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti ná mi lówó rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi bèèrè rẹ̀ títí tó fi yé mi.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo gbọ́ lórí rédíò pé òjò yóò pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa. Inú mi dùn. Mo yá owó lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù, mo fi ra iṣu gbígbẹ ní Òkè-Ògùn. Mo ní oòrùn ṣì pọ̀, mo sá a síta kó tún gbẹ dáadáa kí n tó gbé e lọ sí ẹ̀rọ. Òjò kan ṣoṣo ló rọ̀ lóru. Ó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí òmíràn tó rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan yẹn ti parí iṣẹ́. Ìdajì ọjà mi bàjẹ́, ó di oúnjẹ ewúrẹ́. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi san gbèsè náà. Mo bú rédíò títí! Òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ ló wá ṣàlàyé fún mi pé rédíò kò purọ́. Èmi ni ohun tí wọ́n sọ kò yé.

OHUN TÍ KỌ̀ǸPÚTÀ Ń ṢE

Òjò wa kì í ṣàdédé wá. Nígbà òjò, afẹ́fẹ́ máa ń ti orí òkun ní gúúsù wá, ó ń gbé omi bọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà ló ń borí, òun ló ń gbé ọyẹ́ wá. Àwọn méjèèjì ló ń ti ara wọn síwá sẹ́yìn lọ́dọọdún. Àwọn onímọ̀ sọ bí oòrùn, afẹ́fẹ́ àti omi ṣe ń ṣe di ìṣirò, wọ́n kó o sínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n pín gbogbo ayé bí ìgbà tí a pín ọjà sí ìsọ̀-ìsọ̀, láti ilẹ̀ títí dé òkè. Kọ̀ǹpútà á wá máa ṣírò iye ooru tó wọ ìsọ̀ yìí, iye afẹ́fẹ́ tó kọjá sí ìsọ̀ kejì, àti iye omi tó gòkè.

Syukuro Manabe, ọmọ ilẹ̀ Japan tó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe irú ìṣirò yìí. Iṣẹ́ tí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ gbé jáde ní 1967 fi hàn bí èéfín tí à ń tú sókè ṣe lè mú ayé gbóná. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021.

Wọn kì í gba kọ̀ǹpútà gbọ́ láìdán an wò o. Ẹ mọ̀ pé tí a bá ra kóńgò tuntun, a ó fi wọn ohun tí a ti mọ iye rẹ̀ ná. Bákan náà ni wọ́n ń ní kó ṣírò òjò àwọn ọdún tó ti kọjá, wọ́n á fi wé èyí tí wọ́n wọ̀n lóòótọ́.

IBI TÍ AGBÁRA RẸ̀ MỌ

Ìsọ̀ kan nínú ọ̀pọ̀ ìṣirò wọ̀nyí lè fẹ̀ tó kìlómítà 100. Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Ìjẹ̀bú-Òde lè wà nínú ìsọ̀ kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ gbogbo wa mọ̀ pé òjò lè rọ̀ ní apá kan Ìbàdàn kí apá kejì gbẹ táútáú. Kọ̀ǹpútà kò rí irú òjò kékeré bẹ́ẹ̀ dáadáa, ńṣe ló ń fojú bù ú.

Nítorí náà, wọn kì í gbára lé ìṣirò kan. Bí a ṣe ń ná ọjà ní ìsọ̀ mẹ́wàá ká tó rà ni wọ́n ń fi ìṣirò púpọ̀ wé ara wọn. Gbogbo wọn ló fẹnu kò pé ayé á túbọ̀ gbóná, àti pé òjò ńlá á túbọ̀ le. Ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò kò lórí iye òjò ọdún kan ní gbogbo ibi. Púpọ̀ nínú wọn ní òjò lè dínkù lápá Sẹ́nẹ́gà, kó sì pọ̀ sí i lápá Niger àti Chad.

Kí ló dé tí òjò ńlá á fi le? Tí ooru bá fi dígírì 1 ga, afẹ́fẹ́ lè gba omi tó fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 pọ̀ sí i. Ẹ wò ó bí àpò tó tóbi sí i. Ó lè pẹ́ kó tó kún, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá tú, ohun tó máa dà sílẹ̀ á pọ̀. Ọ̀gbẹlẹ̀ lè gùn, kí òjò sì wá dà wìì lẹ́ẹ̀kan. Òjò tó bá dà bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ kì í rí i mu tán. Ó ń sáré lọ, kàǹga sì lè má kún. Ẹ rí i pé omíyalé àti àìrómi mu lè bá wa lọ́dún kan náà.

Ará Ìbàdàn kò gbàgbé omíyalé ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011. Ní 2022, omíyalé pa èèyàn tó lé ní 600 ní Nàìjíríà, ó sì lé èyí tó lé ní mílíọ̀nù kan kúrò nílé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ fi kọ̀ǹpútà ṣírò ayé méjì: ayé tó ti gbóná yìí, àti ayé bó ṣe wà kó tó gbóná. Wọ́n rí i pé ayé tó gbóná ti mú kí irú òjò ọdún náà, lápá adágún Chad, rọrùn láti ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po 80.

KÍ LÀWA Ó ṢE?

Ọ̀tọ̀ ni àsọtẹ́lẹ̀ ìgbà òjò, ọ̀tọ̀ ni ti ọ̀la. Ìwé ọdọọdún NiMet ni kí ẹ fi mọ iye ọjà tí ẹ ó kó àti iye tí ẹ ó yá. Tí ẹ bá fẹ́ sá nǹkan síta, ti ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbọ́. Ibi tí mo ti ṣìnà nìyẹn.

Ẹ má fi gbogbo owó sórí òjò tàbí sórí oòrùn. Ẹ gbé àpò yín lé orí pákó, kó má jókòó sílẹ̀. Ẹ dákun, ẹ má da ọ̀rá sí gọ́tà mọ́. Òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa.

Mo sì ń bẹ ìpàdé tó ń bọ̀ pé ká dá owó ra tapólì ńlá fún ẹgbẹ́, ká sì yan ẹnì kan tí yóò máa sọ àsọtẹ́lẹ̀ òjò fún wa láràárọ̀. Tapólì kan ì bá ti gbà mí lọ́wọ́ gbèsè oṣù mẹ́jọ.

Àwọn àgbà ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dÍfá ọrọọrún. Àwọn onímọ̀ náà ń tún ìṣirò wọn ṣe lọ́dọọdún. Ẹ jẹ́ ká máa gbọ́ ọ lọ́dọọdún. Ọjà á tà o.

Èmi ni akọ̀wé yín, ẹlélùbọ́.