Ìbátan kókò tó ń gbé inú omi: Ewéko akuéríọ́ọ̀mù tí kò bẹ̀rù òkùnkùn NEPA

Ẹni tó bá ń gbé ní Yábàá, láti Sábó títí dé Akókà, mọ̀ pé yàrá tí ìmọ́lẹ̀ òòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ilé kan fara ti èkejì, fèrèsé tibí ń wo ògiri tọ̀hún. Bí NEPA bá tún wá mú iná lọ, ọ̀sán gangan á dà bí ìrọ̀lẹ́. Lóòótọ́, wọ́n ti yí orúkọ iléeṣẹ́ náà padà sí PHCN lọ́dún 2005, ìjọba sì ti fà á lé àwọn aládàáni lọ́wọ́ lọ́dún 2013, ṣùgbọ́n NEPA náà ni tọmọdé tàgbà ṣì ń pè é. Inú irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan máa ń gbé àpótí gíláàsì olómi sí, èyí tí wọ́n ń pè ní akuéríọ́ọ̀mù, tí wọ́n á kó ẹja wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ kí ojú lè máa rí ohun tó dára wò.

Ẹja yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ yọni lẹ́nu. Ewéko tí wọ́n fẹ́ gbìn sínú omi náà ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ewéko aláràbarà tó máa ń wà nínú àwòrán, àwọn tó pupa bí aṣọ àrán, iná tó mọ́lẹ̀ gan-an ni wọ́n fẹ́ lójoojúmọ́. Bí wọn kò bá rí i, ewé wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í ràn, á máa já bọ́, á sì jẹrà sínú omi. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń di ti ẹja. Ohun tó bá ń jẹrà nínú omi máa ń lo afẹ́fẹ́ tí ẹja fi ń mí, ó sì máa ń tú oró sílẹ̀. Tó bá wá bọ́ sí ìgbà tí ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi náà kò ṣiṣẹ́ nítorí pé kò síná, kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹja lè ti léfòó. Ẹni tó fowó ra ewéko á tún padà lọ fowó ra ẹja.

Ewéko kan wà tí kì í fi irú ìyà yìí jẹni. Anubias lorúkọ rẹ̀, èyí tó sì gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni Anubias barteri. Àwọn àgbà tó bá rí i lè máà mọ̀ ọ́n lórúkọ, ṣùgbọ́n wọ́n mọ àwọn ẹbí rẹ̀ dáadáa. Ìdílé kan náà lòun àti kókò tí à ń gbìn sí àkùrọ̀ ti wá. Ojúoró tó ń léfòó lórí omi náà, ọmọ ìdílé yẹn ni. Ewé Anubias nípọn, ó le, àwọ̀ rẹ̀ sì dúdú minimini. Ohun tó máa ń mú kí kókò tútù yún èèyàn lọ́nà ọ̀fun wà lára òun náà, pẹ̀lú líle tó le yẹn, ọ̀pọ̀ ẹja kì í fẹnu kàn án.

Èyí tó yẹ kó ya ọmọ Nàìjíríà lẹ́nu ni pé ewéko ilẹ̀ wa ni. Ìwọ̀ oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà ni gbogbo ìran Anubias ti ṣẹ̀ wá. Barteri ń hù nínú igbó gúúsù ìlà oòrùn Nàìjíríà, ó sì ń hù ní Kamẹrúùnù àti ní erékùṣù Bioko. Etí odò kékeré ló fẹ́ràn, lábẹ́ igi ńlá tí òòrùn kì í ráyè wọ̀, níbi tó ti ń fi gbòǹgbò di òkúta tàbí igi tó wó mú. Nígbà òjò, omi lè kún bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Bí omi bá fà, á tún yọrí síta. Abẹ́ òjìji yẹn ló dàgbà sí láti ìran dé ìran, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sì ti tó o. Yàrá Yábàá tó ń ṣòro fún ewéko mìíràn, bí ilé ló rí lójú tiẹ̀.

Orúkọ rẹ̀ náà ní ìtàn. Lọ́dún 1857, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n ń pè ní Dayspring gba Odò Ọya lọ sókè, Baikie ni olórí ìrìn àjò náà. Àlùfáà Samuel Àjàyí Crowther, tó di bíṣọ́ọ̀bù lọ́dún 1864, wà nínú rẹ̀. Glover tó wá di gómìnà Èkó lẹ́yìn náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Charles Barter lẹni tí wọ́n mú dání nítorí ìmọ̀ ewéko. Loṣù kẹwàá ọdún yẹn, ọkọ̀ fọ́ mọ́ òkúta nítòsí Jẹ́bà. Glover gba orí ilẹ̀ wá sí Èkó láti wá ohun tí wọ́n máa lò, ṣùgbọ́n Barter kò padà sílé mọ́. Ó ń kó ewéko jọ títí tó fi kú sí Rábà nílẹ̀ Núpé lọ́dún 1859. Lọ́dún 1860, onímọ̀ ewéko kan ní ìlú Vienna, Schott, fi orúkọ olóògbé náà sọ ewéko yìí. Anubias tó ṣáájú rẹ̀ wá láti ara Anubis, òrìṣà àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ tó ń bójú tó àwọn òkú. Lónìí, ní Denmark, Florida àti Singapore, àwọn oníṣòwò ń gbìn ín lọ́pọ̀ yanturu, wọ́n sì ń tà á kárí ayé. Àwa tí odò wa bí i, ṣàṣà lẹni tó mọ̀ ọ́n láàárín wa.

Bí wọ́n ṣe ń gbìn ín ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe. Ẹni tó bá ti gbin kókò rí, ọwọ́ rẹ̀ á fẹ́ wa yanrìn kó sì bo ìdí rẹ̀. Kó má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Anubias ní ọ̀pá ìdí kan tó nà bí atalẹ̀, ara rẹ̀ ni ewé ti ń yọ sókè tí gbòǹgbò sì ti ń yọ sísàlẹ̀. Bí yanrìn bá bo ọ̀pá yìí, á jẹrà. Òkúta tàbí igi líle tó ti gbẹ dáadáa ni kí wọ́n wá, kí wọ́n fi òwú ìránṣọ rọra so ó mọ́ ọn, kí wọ́n má fún un jù. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, gbòǹgbò á ti gbá òkúta náà mú, wọ́n sì lè já òwú kúrò. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ fọ àpótí, wọ́n kàn máa gbé òkúta náà jáde ni.

Ìmọ́lẹ̀ wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ lójúmọ́ ti tó o. Gílóòbù LED kékeré tó ń gba ṣáájì lè ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni fèrèsé tí òòrùn kì í ti í là wọlé tààrà. Bí iná bá lọ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kò ní pa á. Àpọ̀jù ìmọ́lẹ̀ gan-an ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, torí pé kì í tètè dàgbà, nǹkan yíyọ̀ aláwọ̀ ewé tó máa ń hù sí ara kànga á sì bo ewé rẹ̀. Ẹni tó gbé àpótí rẹ̀ sójú òòrùn pé òun ń tọ́jú ewéko, òun ló ń bà á jẹ́ yẹn.

Kí omi ẹ̀rọ tí wọ́n fi kulorín sí wà nínú korobá ṣíṣí fún odindi ọjọ́ kan kó tó wọnú àpótí. Omi bóòhóòlù tó máa ń pọ́n bí ìpẹtà, kí wọ́n jẹ́ kó silẹ̀, kí wọ́n bu tòkè. Bí wọ́n bá ń pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó dára. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé ewéko lè rọ́pò ẹ̀rọ atẹ́gùn. Lóru, ewéko náà ń mí bí ẹja ni, afẹ́fẹ́ inú omi yẹn kan náà ni wọ́n jọ ń pín. Ẹja díẹ̀ nínú omi púpọ̀ ló fini lọ́kàn balẹ̀ jù níbi tí iná kì í ti í dúró. Ẹja kékeré oníkùn pupa kan wà tó tinú odò gúúsù Nàìjíríà wá, Pelvicachromis pulcher, ìbátan epìà ni. Ó máa ń wa yanrìn kiri, ṣùgbọ́n kò lè hú ohun tí wọ́n so mọ́ òkúta.

Bolbitis heudelotii, tóun náà jẹ́ ọmọ Ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, lè gbé inú òjìji, àmọ́ omi tó ń ṣàn ló fẹ́, kò sì fẹ́ kí ẹ̀rọ dákẹ́ pẹ́. Java fern láti Éṣíà kò ní wàhálà, bí wọ́n ṣe ń so Anubias ni wọ́n ń so òun náà. Ní ti ojúoró, kò yẹ irú àpótí yìí, torí pé yóò bo ojú omi, ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó wà kò sì ní dé ìsàlẹ̀.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ni Anubias fi ń yọ ewé kan, nítorí náà ẹni tí kò ní sùúrù kó má dáwọ́ lé e. Bí ọ̀pá ìdí rẹ̀ bá ti gùn, wọ́n lè fi abẹ gé e sí méjì, kí ewé mẹ́ta ó kéré tán wà lára ìkọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fún aládùúgbò ní ọ̀kan. Àmọ́ kí wọ́n má da èyíkéyìí nínú ewéko akuéríọ́ọ̀mù sínú gọ́tà. Gọ́tà Yábàá, inú ọ̀sà ló ń lọ. Water hyacinth tó ń yọ òdòdó aláwọ̀ àlùkò, Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, ẹwà rẹ̀ ló mú kí wọ́n máa gbé e káàkiri ayé. Ọdún 1984 ni wọ́n rí i nínú omi Àgbádárìgì, láti ìgbà náà ni kò ti jẹ́ kí àwọn apẹja sinmi. Ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ ní Makókò tàbí Ẹ̀pẹ́ nígbà òjò mọ bó ṣe ń dí ojú omi, tó ń wé mọ́ ẹ́ńjìnnì, tó sì ń fa àwọ̀n ya. Ewéko akuéríọ́ọ̀mù tí wọn kò bá fẹ́ mọ́, kí wọ́n sá a sí oòrùn lórí ilẹ̀ gbígbẹ títí á fi kú, kí wọ́n tó kó o dà sí ààtàn.