Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́: Ohun tó yẹ kí oníṣòwò mọ̀ kó tó ra kẹ̀kẹ́ agunkè

Láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, tí owó lítà epo kan sì fò láti nǹkan bí ₦190 sí èyí tó lé ní ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn oníṣòwò kéékèèké ti ń wá gbogbo ọ̀nà tí wọn yóò fi dín owó ìrìnnà kù. Kẹ̀kẹ́ ológeere wà lára ohun tí àwọn kan padà sí. Oníbúrẹ́dì lè fi gbé ọjà lọ sí àdúgbò kejì, oníṣègùn òyìnbó lè fi rán ọmọọṣẹ́ níṣẹ́, ẹni tó sì ń ta kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ mọ̀ pé èyí lè sọ ọjà òun di ohun tí wọ́n ń béèrè.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó máa ń kó àdánù bá ẹni tó ń rà àti ẹni tó ń tà. Bí wọ́n bá dé ìdí kẹ̀kẹ́, jíà rẹ̀ ni wọ́n ń kà, táyà ni wọ́n ń tẹ̀, ọ̀dà ni wọ́n ń wò. Ìwọ̀n fíréèmù, ìyẹn ègúngún kẹ̀kẹ́ náà, kì í wá sọ́kàn ẹnikẹ́ni títí ẹ̀yìn àti orúnkún yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í dun ẹni tó ń gùn ún. Jíà ṣeé pààrọ̀, táyà ṣeé pààrọ̀, ọ̀dà ṣeé tún kùn. Fíréèmù nìkan ni kò ṣeé fà gùn, tí kò sì ṣeé gé kúrú.

Ibi tí kẹ̀kẹ́ yìí ti ṣẹ̀ wá

Kẹ̀kẹ́ agunkè, tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní mountain bike, kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ Raleigh tí àwọn bàbá wa gùn. Marin County ní ìpínlẹ̀ California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ló ti gbèrú láàárín ọdún 1970 sí 1979. Àwọn ọ̀dọ́ níbẹ̀ ń kó kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tó nípọn gun òkè, wọ́n á sì sáré sọ̀kalẹ̀ lójú ọ̀nà eléruku. Ìdíje wọn tí wọ́n ń pè ní Repack bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1976. Lọ́dún 1977 ni Joe Breeze, ọ̀kan lára wọn, ṣe fíréèmù tirẹ̀ fún iṣẹ́ náà gan-an. Nígbà tó fi máa di ọdún 1981, ilé-iṣẹ́ Specialized ti gbé Stumpjumper jáde fún gbogbo ayé láti rà. Ọdún 1996 ni eré ìje irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ ìdíje Olympics ní ìlú Atlanta.

Ìdí tí ìtàn yìí fi kan oníṣòwò ni pé bí ọdún ṣe ń yí ni àwọn tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ náà ń yí ìrísí fíréèmù padà. Kẹ̀kẹ́ ọdún 1995 àti ti ọdún 2020 lè jọ wà nínú òkìtì kan ṣoṣo lọ́jà tòkunbọ̀, kí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára wọn sì rí bákan náà, síbẹ̀ kí wọ́n má bá èèyàn kan náà mu.

Kí ni nọ́ńbà ara fíréèmù ń sọ?

Nọ́ńbà bíi 16, 18 tàbí 20 tí wọ́n sábà máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀pá tó gbé ìjókòó dúró, iye íǹṣì tí ọ̀pá náà gùn ni. Wọ́n ń wọ̀n ọ́n láti àárín ibi tí apá pẹ́dà ti ń yí lọ sí ẹnu ọ̀pá náà lókè, níbi tí irin ìjókòó ti ń wọlé. Bí nọ́ńbà náà bá ti pa rẹ́, téèpù tí àwọn aránṣọ ń lò tó láti fi mọ̀ ọ́n. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn kì í kọ nọ́ńbà, lẹ́tà S, M, L àti XL ni wọ́n ń kọ, bíi ti aṣọ.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ka nọ́ńbà yìí mọ́ nọ́ńbà táyà. Kẹ̀kẹ́ táyà 26 lè ní fíréèmù 14 fún ọmọdé tó ti ń dàgbà, ó sì lè ní fíréèmù 21 fún géńdé tó ga.

Bí wọ́n ṣe ń wọn ẹni tó fẹ́ gùn ún

Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n, kì í ṣe ojú ni wọ́n fi ń wò. Kí oníbàárà bọ́ bàtà, kó fẹ̀yìn ti ògiri, kó sì fi àlàfo díẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Kó gbé ìwé líle kan há abẹ́ rẹ̀ láàárín itan, kí ẹ̀yìn ìwé náà kọjú sókè bí ẹni pé ìjókòó kẹ̀kẹ́ ni, kí etí rẹ̀ kan sì fara ti ògiri kó má baà wọ́. Láti orí ìwé yẹn dé ilẹ̀ ni gígùn ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ ní Yúróòpù ń lò fún kẹ̀kẹ́ agunkè ni pé kí wọ́n fi 0.226 sọ gígùn ẹsẹ̀, ní sẹ̀ǹtímítà, di púpọ̀. Ohun tó bá jáde ni iye íǹṣì fíréèmù. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 74 yóò nílò fíréèmù íǹṣì 16 àbọ̀ sí 17. Ẹlẹ́sẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 80 yóò lo 18. Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ 86 yóò lọ sí 19 tàbí 19 àbọ̀.

Bí kò bá sí àyè láti wọn ẹsẹ̀, gíga èèyàn lè tọ́ni sọ́nà. Ẹni tí kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 5 lọ sábà máa ń bọ́ sí S, ìyẹn 15 sí 16. Láti ibẹ̀ dé ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 10, M ni, 17 sí 18. Ẹni tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí dé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 6, yóò lo L, 19 sí 20. Ilé-iṣẹ́ kan yàtọ̀ sí èkejì, nítorí náà ìtọ́sọ́nà lèyí, kì í ṣe òfin.

Ìdánwò tó kẹ́yìn rọrùn. Kí oníbàárà dúró láàárín kẹ̀kẹ́, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì balẹ̀. Ó kéré tán, íǹṣì 2 gbọ́dọ̀ wà láàárín ọ̀pá òkè àti abẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀pá náà bá ti kàn án, kí wọ́n má wulẹ̀ náà án mọ́. Lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá jìn kòtò lójijì ni yóò mọ ohun tó rà.

Ìdí tí nọ́ńbà nìkan kò fi tó mọ́

Lára kẹ̀kẹ́ tuntun, ọ̀pá ìjókòó ti kúrú gan-an, ọ̀pá òkè sì ti dagun sílẹ̀, kí àyè lè wà fún ẹni tó ń gùn ún láti mi ara. Èyí ni pé ẹni kúkúrú lè dúró láàárín fíréèmù tó gùn jù fún un láìmọ̀. Ohun tí àwọn tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ ń wò báyìí ni èyí tí wọ́n ń pè ní reach, ìyẹn bí iwájú fíréèmù ṣe jìnnà sí àárín pẹ́dà.

Ọ̀nà àtimọ̀ ọ́n kò ju téèpù àti ògiri lọ. Kí wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ dúró ṣánṣán lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí táyà ẹ̀yìn kan ògiri. Kí wọ́n wọ̀n láti ara ògiri dé ọ̀gangan àárín ibi tí apá pẹ́dà ti ń yí. Kí wọ́n tún wọ̀n láti ara ògiri yìí kan náà dé ọ̀gangan àárín ẹnu ọ̀pá iwájú, níbi tí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ti wọlé. Kí wọ́n yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti èkejì. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 81, tí èkejì sì jẹ́ 124, 43 ni reach rẹ̀. Bí kẹ̀kẹ́ méjì bá jẹ́ M, tí ọ̀kan jẹ́ 39, tí èkejì sì jẹ́ 45, wọn kì í ṣe ọjà fún èèyàn kan náà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò gùn yóò na ara jù lórí èyí tó jẹ́ 45, ẹ̀yìn àti ọrùn rẹ̀ ni yóò sì san owó rẹ̀.

Bí ọ̀pá iwájú ṣe dagun

Ohun kejì ni bí ọ̀pá tó gbé táyà iwájú ṣe dagun. Lára kẹ̀kẹ́ ọdún 1990 sí 1999, dígírì 71 ló wọ́pọ̀, ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán. Lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tuntun tí wọ́n ṣe fún orí òkè, ó ti dagun dé 66, àní 64. Fóònù ìgbàlódé tó ní ìwọ̀n títẹ́ ilẹ̀ lè sọ iye dígírì náà bí wọ́n bá gbé e lé apá táyà iwájú tó nà tààrà.

Ìyàtọ̀ wọn ni pé èyí tó dagun púpọ̀ máa ń fọkàn ẹni balẹ̀ bó bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè olókùúta. Ṣùgbọ́n tó bá ń rọra lọ láàárín ọkọ̀ àti èrò, ọwọ́ rẹ̀ máa ń wúwo, táyà iwájú á sì máa fì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹni tó fẹ́ kẹ̀kẹ́ fún iṣẹ́ ìgboro kò ní láti san owó gọbọi lé èyí tó dagun. Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tó jẹ́ dígírì 69 sí 71 yóò bá ọ̀nà ọjà mu ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè dín lówó.

Fún ẹni tó fẹ́ fi gbé ẹrù

Oníṣòwò tó fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ gbé ọjà gbọ́dọ̀ wo ohun mẹ́ta. Èkíní ni ihò kéékèèké tí wọ́n fi ń so irin agbẹ́rù mọ́ ẹ̀yìn fíréèmù. Bí kò bá sí, ẹrù náà kò ní dúró dáadáa. Èkejì ni pé kí àlàfo tó wà láàárín pẹ́dà àti táyà ẹ̀yìn gùn tó, kí gìgísẹ̀ má baà máa gbá àpò ẹrù. Ẹ̀kẹta ni sípíríǹgì. Èyí tó ní sípíríǹgì lẹ́yìn dára fún eré orí òkè, ṣùgbọ́n ẹrù yóò máa tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀, kò sì sí ibi tó dára láti so irin agbẹ́rù mọ́ lára ọ̀pọ̀ wọn.

Ohun tí wọ́n fi ṣe fíréèmù náà ṣe pàtàkì. Bí èyí tí wọ́n fi irin ṣe bá sán, jórinjórin tó mọṣẹ́ lè jó o padà. Àlùmíníọ̀mù kì í gba irú jíjó bẹ́ẹ̀, agbára rẹ̀ ń dín kù níbi tí iná bá ti kàn án. Kábọ́ọ̀nù kò ṣeé jó rárá. Nítorí náà, kí ẹni tó ń rà fi àkísà nu ìdí ọ̀pá iwájú, ìdí pẹ́dà àti ẹnu ọ̀pá ìjókòó, kó sì wò bóyá ojú sísán wà níbẹ̀ tàbí bóyá ọ̀dà ibẹ̀ yàtọ̀ sí ti ibi yòókù.

Táyà náà ní tirẹ̀. Kẹ̀kẹ́ agunkè tó wọ́pọ̀ ń lo 26, 27.5 tàbí 29. Nọ́ńbà tó dájú ni oní-mìlímítà tí wọ́n tẹ̀ sára táyà: 559 ni ti 26, 584 ni ti 27.5, 622 ni ti 29. Táyà 28 ti kẹ̀kẹ́ Raleigh àtijọ́ jẹ́ 635, kò lè wọ ríìmù 622 láéláé. Kí oníṣòwò kọ́kọ́ wádìí èyí tó rọrùn láti rí rà ládùúgbò rẹ̀ kó tó kó owó lé kẹ̀kẹ́ kankan.

Èyí tó ṣeé tún ṣe, èyí tí kò ṣeé tún ṣe

Bí kẹ̀kẹ́ bá fi díẹ̀ gùn ju oníbàárà lọ, wọ́n lè fi irin kúkúrú pààrọ̀ èyí tó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, kó fi sẹ̀ǹtímítà 2 sún mọ́ ọn. Ìjókòó náà ṣeé gbé sókè sódò. Wọ́n á jẹ́ kí oníbàárà fi gìgísẹ̀ tẹ pẹ́dà nígbà tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá nà tán, ìjókòó náà wà níbi tó yẹ. Ṣùgbọ́n àmì kan wà lára irin ìjókòó tó ń sọ ibi tí a kò gbọ́dọ̀ fà á kọjá. Bí wọ́n bá fà á kọjá àmì yìí torí pé fíréèmù kéré, irin náà lè kán tàbí kó ya ẹnu fíréèmù. Fíréèmù tó fi íǹṣì 3 tóbi tàbí kéré juni lọ kò ní àtúnṣe.

Ìṣirò owó

Ká ní oníṣòwò kan ra kẹ̀kẹ́ 10 ní ₦90,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦900,000 ló ná. Bó bá ta 7 nínú wọn ní ₦115,000, ₦805,000 ló wọlé. Owó rẹ̀ kò tíì pé. Nínú 3 tó kù ni ìyókù owó àti gbogbo èrè rẹ̀ wà. Bí 3 yìí bá jẹ́ fíréèmù 22 ní àdúgbò tí èrò rẹ̀ kò ga tó bẹ́ẹ̀, èrè náà yóò máa gba eruku nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ìwé àkọsílẹ̀ ló lè gba oníṣòwò lọ́wọ́ irú èyí. Kó kọ ìwọ̀n fíréèmù gbogbo kẹ̀kẹ́ tó bá tà, àti gíga ẹni tó rà á. Láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, yóò mọ iye S, M àti L tí àdúgbò rẹ̀ ń fẹ́, èyí ni yóò sì fi máa ra ọjà. Kó fi téèpù kan kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kó máa wọn oníbàárà kó tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá tìtorí pé ọjà kò bá a mu dá padà lónìí, tí wọ́n sì sọ fún un pé kó dúró de èyí tó bá a mu, kì í gbàgbé ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀.