Iye Wọ́ọ̀dù Kọ́ Ni Iye Ènìyàn

Ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ìlera alábọ́dé ni pé kí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní ibùdó ìlera kan tó ń ṣiṣẹ́. Ó dùn létí, àmọ́ ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí ẹ̀yìn odi Ìbàdàn. Wọ́ọ̀dù 14 ni ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú ní, ti Ẹgbẹ́dá ní 11. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, iye àwọn ará Ẹgbẹ́dá lé ní 280,000, ti Lágelú kò sì pé 150,000. Ibi tí èrò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ni ibùdó ti máa fi mẹ́ta dín. Wọn kò sì tíì tún ènìyàn kà láti ìgbà yẹn. Èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe lọ́dún 2023, wọ́n sún un síwájú. Bẹ́ẹ̀, ìlú ò dúró: láti 2021 ni ọkọ̀ ojú irin Èkó ti ń gúnlẹ̀ sí Mọ́níyà, ní Akínyẹlé.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Nígbà tí wọ́n ń gbógun ti àrùn rọpárọsẹ̀ ní òkè Ọya, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ abúlé ni kò sí lórí máàpù, ni wọ́n bá ń fi àwòrán sátẹ́láìtì wá wọn. Inú iṣẹ́ yẹn ni ètò GRID3 ti jáde, tí àwọn onímọ̀ WorldPop ní Yunifásítì Southampton bá wọn ṣe. Wọ́n á yan àdúgbò díẹ̀, wọ́n á ka àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lójúlé dé ojúlé, wọ́n á fi wé iye òrùlé tí àwòrán fi hàn, kọ̀ǹpútà á sì fi ìyẹn díwọ̀n iye ènìyàn níbi tí wọn ò dé, ní abala ilẹ̀ tí òró àti ìbú rẹ̀ jẹ́ 100 mítà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí èrò ṣe pọ̀ tó ní Olódó ní Ẹgbẹ́dá kò ní máa wo ààlà wọ́ọ̀dù mọ́.

Ẹnìkan lè sọ pé òrùlé kì í ṣe ènìyàn. Òótọ́ ni, ṣọ́ọ̀ṣì ní òrùlé, ilé tó ṣófo náà ní. Ìdí nìyẹn tí kíka ojúlé ò fi ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó ká mi lára jù ni ti abúlé oko: bó bá jẹ́ èrò nìkan la ń wò, àwọn tó wà káàkiri lápá Lálúpọn ní Lágelú yóò pàdánù. Nítorí náà, ó yẹ ká tún wo ẹni mélòó ló lè dé ibùdó láàárín wákàtí kan, lásìkò òjò pàápàá. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibùdó kéékèèké tó sún mọ́ oko ni Lágelú nílò, kí Ẹgbẹ́dá sì nílò èyí tó gbòòrò, tí nọ́ọ̀sì rẹ̀ pọ̀. Kíka wọ́ọ̀dù ò lè fi ìkankan hàn nínú méjèèjì.

Ìfura pé nítorí owó orí ni ìjọba ṣe ń ka ènìyàn náà wà, kò sì jẹ́ tuntun: àwọn àgbẹ̀ Akanran ní Ọ̀nà-Àrà wà lára àwọn tó dìde sí owó orí nígbà ìjà Àgbẹ̀kọ̀yà ọdún 1968 sí 1969. Irú ìdíwọ̀n yìí kò nílò orúkọ ẹnikẹ́ni, kí ìjọba sì fi hàn bẹ́ẹ̀: kí wọ́n lẹ máàpù náà mọ́ ara ògiri sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ kí wọ́n tó yan ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sí, kí baálẹ̀ lè wá fọwọ́ tọ́ka sí abúlé tí wọ́n bá gbàgbé.